Má Pa Á Rẹ́, Kọ Tìrẹ Sábẹ́ Rẹ̀

Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí òjò dá

Mojísọ́lá, Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí ó tún ń kọ́ mi,

Mi ò ní bi ẹ́ bóyá o ti jẹun, torí mo mọ̀ pé o kò mú abọ́ tí mo dì fún ẹ ní Sọ́ńdè. Orí tábìlì ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti Òkèrèwè níbí dé Òkè-Ògbó kò ju kí èèyàn gun ọ̀kadà lọ, mo sì lè wá bá ẹ nínú yàrá rẹ kí a sọ ọ́ lójúkojú. Ìwé ni mo yàn. O mọ̀ mí: bí inú bá bí mi, Yorùbá máa ń sá kúrò lẹ́nu mi, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà nílùú òyìnbó á wá gba iwájú jáde, á máa dún bíi ti ọ̀gá iléèwé. Bó ṣe rí ní Sọ́ńdè nìyẹn. Lónìí mo jókòó, mo mú bírò, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Fara balẹ̀ kà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o ṣàlàyé fún mi sọ, torí o ní mi ò fetí sílẹ̀. Mo fetí sílẹ̀. O ní níbi iṣẹ́ tuntun yìí, àwọn sáfà ọsibítù ni wọ́n ní kí o máa tọ́jú, kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń pa odindi àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn mọ́. O bu ẹ̀pà sísè nínú abọ́ mi, o ń to èèpo rẹ̀ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. O ní àwọn sáfà yìí kì í kàn kọ bí aláìsàn ṣe wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń kọ, ìṣẹ̀lẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn: ó wọlé, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, nọ́ọ̀sì kọ ìkìlọ̀, dókítà pàṣẹ abẹ́rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàṣìṣe, kò sí pé à ń nu ún. Wọ́n á kọ òmíràn sí ìdí rẹ̀ pé èyí tó wà lókè yẹn kò tọ́, èyí tó tọ́ nìyí. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ipò tí aláìsàn wà, sáfà á ka gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. O wá fa èèpo kan yọ láàárín àwọn yòókù, o sún wọn pọ̀ mọ́ra, o ní, "Ẹ wò ó, mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé nǹkan wà níbí rí?"

Mi ò mọ̀. Wọ́n sún mọ́ra wọn bí eyín.

O ní Sátidé yìí ni ẹ fẹ́ ṣe àtúnṣe ìtọ́jú sí wọn. Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀ tí aláìsàn tàbí dókítà máa fojú rí. Àwọn tó ṣe sáfà náà kàn dí àwọn ihò kéékèèké ni: ọ̀kan tó ń jẹ́ kó pẹ́ jù kó tó jí lẹ́yìn tí iná bá lọ, ọ̀kan tó ń jẹ́ kí ẹ̀dà kan máa fà sẹ́yìn lẹ́yìn àwọn tó kù. O rẹ́rìn-ín, o ní bí ẹni ń pààrọ̀ wọ́ṣà ẹnu ẹ̀rọ omi ni. O ní ìdí tí wọ́n fi jẹ́ mẹ́ta ni pé kí ẹ lè máa tọ́jú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan á sinmi, méjì á máa ṣiṣẹ́, ọsibítù ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan.

Ibẹ̀ ni ojú rẹ ti yí padà. O ní ọ̀gá yín ní kí ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Torí bí ọ̀kan ṣoṣo bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ó máa rántí ohun tí ẹ bá yọ lára àwọn yòókù.

Tíṣà obìnrin kan ló gbé ọgbẹ́ ẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé abẹ́rẹ́ kan wà tí kì í bá òun lára mu. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti yẹ. Dókítà rí ìkìlọ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ pé òun ti rí i, ó ní kí wọ́n gún un bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Orí ibùsùn ló ṣì wà ní ọsibítù mìíràn bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ní Mọ́ńdè, àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ wá gba àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo, pé dókítà rí ìkìlọ̀, ni ọ̀gá yín fẹ́ kí o yọ. Bí o bá yọ ọ́, ohun tó máa kù lójú ẹni tó bá kà á ni pé nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkìlọ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì fi ọwọ́ kan náà gún obìnrin náà.

O ní ọ̀gá yín kò tiẹ̀ pariwo. Ó ní, "Mojí, bí a bá ń gbálẹ̀, ṣé a kì í kó pàǹtí ni?" Ó tún fi ẹ̀rín kún un: "Àbí sáfà ló gbà ẹ́ síṣẹ́?"

Àṣàkẹ́, mo gbọ́ gbogbo èyí. Mo wò ẹ́ bí o ṣe ń fi ìka gbá èèpo ẹ̀pà yẹn kiri. Mo la ẹnu, mo ní, "Ṣe é, kí o sì pa ẹnu mọ́. Ṣé o ti gbàgbé oṣù mẹ́rìnlá tí o fi jókòó sílé ni?"

O ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, mọ́mì?" O gbé báàgì rẹ, o lọ.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́, ó ti balẹ̀. Mi ò ní sọ pé o ṣì mí gbọ́, mi ò sì ní sọ pé àwàdà ni mò ń ṣe. Fi í síbi tó wà. Ohun tí mo fẹ́ kọ tẹ̀ lé e ló pọ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo fẹ́ wo ẹ̀yìn báyìí, ibi tí mi ò mú ẹ dé rí. Bàbá rẹ gan-an kò mọ̀ ọ́n títí di àná.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ sí ìlú òyìnbó, mo sì pé méjìlélógún kí n tó padà. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní Ifẹ̀ níbí nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe báyìí. Wọ́n gbà mí sí ọ́fíìsì rẹ́kọ́ọ̀dù torí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, mo sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gba imú. Yorùbá mi kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "mo fẹ́ omi" lọ. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ni Bàbá Làmídì, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀.

Ìwé ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí sí. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ, kò tíì ní orúkọ, "Ọmọ Ìyá Báyìí" ni wọ́n á kọ. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, àwọn ẹbí á padà wá. Bàbá ọmọ á sọ tirẹ̀, ìyá á sọ tirẹ̀, ìyá ìyá tó rìn wá láti oko á dúró ti Bàbá Làmídì títí yóò fi rí i pé bírò kan bébà pẹ̀lú orúkọ tí òun fún ọmọ. Orúkọ mẹ́fà, méje, nínú àlàfo tí kò gbà ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á kọ ọ́ wọ etí ìwé, wọ́n á yí i gba òkè. Ibẹ̀ náà ni Bàbá Làmídì ń kọ ohun mìíràn tó bá mọ̀ nípa ọmọ náà sí: èyí kì í gba abẹ́rẹ́ báyìí, gìrì ti gbé èyí rí.

Mo wò ó, ìdọ̀tí ni mo rí. Mo ra ìwé tuntun, mo fi rúlà fa ìlà, mo fi odindi oṣù mẹ́ta da gbogbo rẹ̀ kọ: orúkọ kan, orúkọ bàbá kan, ọjọ́ ìbí. Àwọn orúkọ òyìnbó ni mo máa ń mú, torí àwọn nìkan ni mo lè kà láìkọsẹ̀. Bàbá Làmídì ní, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, fi ti tẹ́lẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹnu àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀." Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé níbi tí mo ti ń bọ̀, a kì í kó ìdọ̀tí pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ ṣe àlùwàlá. Mo kó ìwé àtijọ́ náà lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo dáná sun ún. Mo tún fi igi rò ó kó lè jó tán.

Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ìyá àgbàlagbà kan pọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ìyá tó bí i ti kú. Ìyá àgbà náà ní, "Ẹ bá mi wo ìwé yín. Ìbíyẹmí ni. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ojú mi ló ṣe nígbà tí bàbá yẹn kọ ọ́." Bàbá Làmídì gba ìsinmi lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi nìkan ni mo wà nídìí tábìlì. Mo ṣí ìwé mi tó mọ́ tónítóní. Kò sí Ìbíyẹmí kankan níbẹ̀. Orúkọ tí ó mọ bàbá ọmọ náà sí, èyí tí wọ́n ń pè é lóko ni, ìyẹn náà kò sí nínú ìwé. Ó tún orúkọ ọmọ náà pè. Ó pè é nígbà márùn-ún, ó ń fi ìka kan etí tábìlì bó ṣe ń pè é. Mo ní kò sí. Wọ́n gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ tí Bàbá Làmídì ti kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yẹn pé wọn ò gbọdọ̀ gún un. Ara rẹ̀ wú, gìrì gbé e, ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn bí ẹni tí kò ní jí. Ó yè. Nígbà tó yá ni wọ́n wá rí i pé etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Bàbá Làmídì ti ìsinmi dé, ó gbọ́ orúkọ náà, ó sì jókòó. Ó ní, "Bírò pupa ni mo fi kọ ọ́."

Mátírọ́ọ̀nù pè wá, ó bi wá léèrè. Mo ní kò sí nǹkan kan nínú ìwé. Òótọ́ ni, àbí? Kò sí i nínú ìwé. Bàbá Làmídì wò mí. Ó mọ ohun tí mo sun, kò sì sọ. Òun ni olórí rẹ́kọ́ọ̀dù, orí rẹ̀ ni ẹ̀bi náà bà lé. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Èmi ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọlọ́run á ràn ẹ́ lọ́wọ́." Mo ní àmín.

Ṣé o ti rí ìdí tí mo fi sọ ohun tí mo sọ ní Sọ́ńdè? Mo ní torí iṣẹ́ rẹ ni. Irọ́ ni. Ẹni tó ti ṣe é rí, tí ó sì mú un jẹ, ló ń wá ẹlòmíràn tí wọ́n máa jọ ṣe é, kó má baà dá nìkan wà nínú rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè yìí tokunra-tokunra. Gbogbo yín máa ń rò pé torí bàbá rẹ ni. Màá jókòó ti ìyá ọkọ mi níwájú ilé níbí, màá ka orúkọ fún un, á sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi ní èdè Ifẹ̀ tirẹ̀, á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ahọ́n mi bá yọ̀. Lọ́jọ́ tó sọ fún mi pé ẹni tó bá sọ ọmọ ní Ìbíyẹmí ń sọ pé ìbí ọmọ yìí yẹ òun, mo ní orí ń fọ́ mi, mo wọ yàrá lọ.

Wàyí o, ìmọ̀ràn mi. Mo fẹ́ ka wọ́n ní oókan eéjì bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò fẹ́ tò fún mi. Gbà wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀.

Èkíní, má ṣe é. Bí ọ̀gá yín bá fẹ́ kí nǹkan kúrò níbẹ̀, kó lọ kọ́ iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́rin bí ìwọ ṣe kọ́ ọ, kó jókòó, kó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kí ó má rí ìka ọmọ mi yá. Mo ti gbìyànjú láti fi Gẹ̀ẹ́sì ro ohun tó ní kí o ṣe, ó sì dùn létí, ó dà bí iṣẹ́ ọ́fíìsì lásán. Mo wá gbé e sí Yorùbá. Ohun tó kù ni pé kí o bo òótọ́ mọ́lẹ̀, kí o sì di ẹrù ẹ̀bi ru ọmọ ọlọ́mọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí o ṣe, kọ́kọ́ sọ ọ́ létí ara rẹ bí o ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá àgbà tó wá láti oko. Bí o kò bá lè sọ ọ́ fún un, má ṣe é.

Èkejì, bí o ṣe máa kọ̀ ọ́. Kí ọ̀gá yín dáadáa. Kúnlẹ̀ kí i pàápàá. Orúnkún tó kúnlẹ̀ kò ní kí ẹnu gbà. Sọ pé, "Ẹ má bínú, sà. Màá ṣe àtúnṣe náà, màá sì ṣe é dáadáa. Mi ò ní yọ nǹkan kan." Dúró síbẹ̀. Má ṣàlàyé. Àlàyé ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń wá kí wọ́n lè dì í mú bí etí aṣọ, kí wọ́n máa fi fà ẹ́ sọ́dọ̀. Bí ó bá tún bi ẹ́ bóyá sáfà ló gbà ẹ́ síṣẹ́, sọ fún un pé rárá o, ṣùgbọ́n sáfà ni wọ́n gbà ẹ́ láti tọ́jú.

Wọ́n á pè ẹ́ ní olóríkunkun. Jẹ́ kí wọ́n pè ẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí tó rọ̀ ni wọ́n ń gbé ẹrù ẹlòmíràn kà.

Kí o sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà ẹ́ fún ní àṣeyanjú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àìmọ̀ṣẹ́ ló ń mú ẹ ṣagídí. Ẹní bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Gba ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan nǹkan, bí o ṣe sọ fún mi. Bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn méjì tó ń tẹ̀ lé èyí tó jẹ́ aṣáájú, tó ń kọ́kọ́ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá tún ọ̀kan ṣe tán, ní sùúrù kó ka ìtàn rẹ̀ láti orí dé ìdí, kó bá àwọn yòókù dọ́gba, kí o tó kan èkejì. Ṣé o rí i pé mo fetí sílẹ̀? Kí ó má sí ìṣẹ́jú kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sùn papọ̀. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn ní mẹ́ta nìyẹn, kí ọ̀kan máa bá ọ̀kan rántí.

Kọ ohun tí ọ̀gá yín sọ fún ẹ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ti pàǹtí yẹn. Má fi ata sí i.

Lónìí, kì í ṣe lọ́la, wá nọ́ọ̀sì yẹn lọ, kí o sọ ohun tí wọ́n ń gbèrò láti ṣe sí i fún un. Kí ó má jẹ́ pé ní Mọ́ńdè, lójú gbogbo ènìyàn, ni yóò gbọ́ ọ. Oṣù mẹ́wàá ni Bàbá Làmídì fi ń gba ojú mi kọjá lójoojúmọ́ kó tó lọ. Oṣù mẹ́wàá ni mo ní tí mo lè fi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ti kú báyìí. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo rántí ọ̀gá mi. Àṣàkẹ́, má jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ bẹ́ẹ̀ láé.

Má sì sọ dókítà náà di ẹran ọdẹ. Àyè wà fún òun náà nínú sáfà yín. Bí ó bá ní ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe, kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, kó kọ ọ́. Bí ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ibẹ̀ náà ni kó kọ ọ́ sí. Ẹni tó nu àṣìṣe rẹ̀ kúrò kò ní ibi tó máa kọ àtúnṣe sí mọ́. Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ, mo mọ bó ṣe ń rí.

O lè ní, mọ́mì, bí wọ́n bá lé mi ńkọ́? Kí wọ́n lé ẹ. Mo ti ro ó dé ìdí rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run, mo mọ̀, mi ò sì ní díbọ́n pé oṣù mẹ́rìnlá yẹn dùn mọ́ wa. Mo rí ẹ nígbà tí o ń sá fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ ní géètì yunifásítì kí wọ́n má baà bi ẹ́ ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá rẹ ṣì wà níbí. Bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣì wà níbẹ̀, mo kàn ń to ìgò sábẹ́ rẹ̀ ni. A ó jẹ ohun tí a bá rí. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Jẹ́ kó kùtà lọ́wọ́ rẹ. Kì í ṣe tòmátì, kò ní rà.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ó ku ohun kan.

O mọ Àǹtí Rúùtù, télọ̀ tó rán aṣọ tí o wọ̀ lọ gba ìwé-ẹ̀rí, tó máa ń ní, "Bọ́ sápá ọ̀tún mi, ọmọ dáadáa, n ò gbọ́ ẹ." O bi mí rí ìdí tí mo fi ń gbé aṣọ kọjá télọ̀ mẹ́ta kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ìdáhùn tó kù nìyí, kọ ọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́: òun ni ọmọ tí ìyá àgbà yẹn pọ̀n wá. Ìyá àgbà náà kú kò pẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ sì wá mú un lọ. Nígbà tó padà wá sí Ifẹ̀ láti wá kọ́ṣẹ́, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, mo rí orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ lára páálí tó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe dà á kọ sínú ìwé mi tó mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbé aṣọ lọ fún un. Mi ò sọ nǹkan kan fún un rí.

Àná ni mo lọ. Mo jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí, ní Yorùbá, mi ò fi Gẹ̀ẹ́sì sá pamọ́. Kò kọ́kọ́ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti dáná, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Mo ń retí èébú. Mo ti múra sílẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ibà ni wọ́n sọ fún mi pé ó fà á." Ó ń fi àtàńpàkò tẹ́ aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀. Ó wá bi mí ní ohun tí mi ò múra sílẹ̀ fún: "Orúkọ tí màmá yẹn sọ mí, ṣé ẹ ṣì rántí rẹ̀?"

Àṣé kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó kù láyé tó mọ̀ ọ́n, àfi èmi tí mo sun ún, torí ìyá àgbà yẹn pè é sí mi létí nígbà márùn-ún. Mo pè é fún un. Ó yí etí ọ̀tún sí mi, ó ní kí n tún un pè. Ó fa ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí jáde, ó ṣí i sí ojú ewé àkọ́kọ́ níbi tó kọ Rúùtù sí, ó na bírò sí mi. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ìbíyẹmí. Ó wò ó pẹ́. Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì bi í. Ó ní kí n wá mú búláòsì mi ní Fúráìdé.

Ẹ̀rù ọ̀gá yín ò bà mí mọ́. Ta ló kù tí mo ń sá fún?

Ní Sátidé, láti agogo méjì ọ̀sán tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, màá wà lórí bẹ́ńṣì àwọn tó ń dúró de dókítà ní ọsibítù yín. Màá gbé oúnjẹ rẹ dání, lọ́tẹ̀ yìí wàá jẹ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tó ń ṣe mí, màá ní ara mi dá ṣáṣá, ọmọ mi ni mò ń dúró dè, ó wà lọ́hùn-ún, ó ń tọ́jú sáfà, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá yín bá gba ibẹ̀ kọjá, màá kí i. Màá kí i dáadáa.

Ìwé yìí kún fún ọ̀rọ̀ tí mo fagi lé, tí mo sì kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ yọjú wò ó, ó ní kí n dà á kọ kó lè mọ́. Mo kọ̀.

Mo sọ ní Sọ́ńdè pé kí o ṣe é. Fi í síbẹ̀, má pa á rẹ́. Sábẹ́ rẹ̀, kọ pé ní Ọjọ́rú, ìyá kan náà ní: má ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ìyá tí o ní, kó ka méjèèjì.

Èmi ni,
mọ́mì rẹ, tí yóò wà lórí bẹ́ńṣì.